Ta Ni Ó Wà Nínú Fídíò Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Àkọsílẹ̀ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

   

Nígbà tí Alága ní kí ìgbìmọ̀ wa sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni pé a ó ka ìtàn ẹgbẹ́ láti 2014 títí di òní. Akọ̀wé ti kọ ìyẹn, ẹ ó kà á nílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa dá lórí àwọn fídíò ẹgbẹ́, àti ohun tí a ń kọ sínú wọn. A mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò wọ́pọ̀ níbi àríyá. A ó sì gbìyànjú kí oúnjẹ má tutù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn wá.

Ní 2021 a pàdánù akápò wa àkọ́kọ́. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tí à ń wí. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè wá. Ó ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá àwọn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Fọ́tò pọ̀ nílé, ó ní ohùn ni àwọn kò ní. Ó rántí pé bàbá òun kì í dákẹ́ ní ìpàdé, ó sì mọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìpàdé tí ẹgbẹ́ wa kì í ya fídíò rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. A ní kó fọkàn balẹ̀, a ó rí i.

Àwa mẹ́ta jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún òru méjì. Hard disk kan wà tí a ń da gbogbo fídíò ẹgbẹ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, ohun tí a bá níbẹ̀ ni MVI_0412, MVI_0413, MVI_0414, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. VTS_01_1 nínú fódà mẹ́rìnlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Ipade", "ipade tuntun", "ipade tuntun gan". Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. À ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń fò wọ́n síwájú, à ń pa wọ́n dé. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Epo tán, a lọ ra òmíràn. Ọjọ́ kẹjọ pé, fọ́tò ni wọ́n gbé síwájú àwọn ààfáà.

Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá ni a rí i. MVI_0417 ni, fídíò ìpàdé oṣù kan ní 2017. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, akápò dìde, ó fi awò sójú, ó sì ṣàlàyé ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa ka ìṣirò owó sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kódà bí owó náà kò bá ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó tilẹ̀ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó wá ń dùn wá jù ni pé a ti ṣí MVI_0417 yìí ní òru àkọ́kọ́. Àga òfìfo ni a rí, àti ẹnìkan tó ń dán máìkì wò, a sì pa á dé.

A fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa dáadáa. Ìbá sàn fún wa bó bá bínú.

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ fi dá ìgbìmọ̀ wa sílẹ̀ ní 2022. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe. Ẹ rí fáìlì fídíò bí àpótí. Àwòrán àti ohùn ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kékeré kan wà nínú àpótí yẹn kan náà tí ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí: àkọlé, ọdún, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, àlàyé ṣókí. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní metadata. Nínú ìgbìmọ̀, àkọlé inú ni à ń pè é, kó lè yàtọ̀ sí orúkọ fáìlì, tí í ṣe àkọlé ìta. Bí ẹnìkan bá yí orúkọ fáìlì padà, àkọlé inú ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá da fáìlì náà sórí flash tí ẹ sì gbé e lọ sí London, ó ń bá a lọ. Kò ba àwòrán jẹ́, ìwọ̀n tó sì fi kún fáìlì kéré débi pé ẹ kò ní fura.

Nínú MP4, tí í ṣe irú tí ọ̀pọ̀ fóònù ń yà, ibi tí àwòrán àti ohùn wà ń jẹ́ mdat, ibi tí àlàyé wà ń jẹ́ moov. Moov yìí kan náà ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe to àwòrán tẹ̀lé ara wọn. Ìdí nìyí tí fídíò tí bátìrì kámẹ́rà kú mọ́ lójijì kì í fi í ṣí: kámẹ́rà kò ráyè kọ moov rẹ̀. A ní méjì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọjọ́ tí wọ́n fi ẹgbẹ́ yìí lọ́lẹ̀. Fáìlì náà tóbi, gbogbo wa wà nínú rẹ̀, kò sì ṣí. A kò tíì pa á rẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan ní ọ̀nà wà láti tún un ṣe bí a bá rí fídíò mìíràn tí kámẹ́rà kan náà yà. A ń wá a.

Kò sí awo nínú bí a ṣe ń kọ àkọlé inú, kò sì sí ohun tí ẹ máa rà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ẹ gbé máòsì sórí fáìlì MP4, ẹ tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Details. Ẹ ó rí Title, Tags, Comments, Year àti àwọn mìíràn. Ẹ tẹ àyè tó wà níwájú Title, yóò gbà kí ẹ kọ̀wé. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tẹ OK. Ó tán. Ní iwájú Tags, ẹ fi àmì ";" pín orúkọ kan sí èkejì. Ẹni tó ń lo VLC láti wo fídíò lè ṣí i níbẹ̀, kó tẹ Ctrl àti I pọ̀, kó kọ ohun tó fẹ́, kó sì tẹ Save Metadata.

Irú fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. AVI tí àwọn kámẹ́rà àtijọ́ ń yà, Windows kì í jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sínú rẹ̀. MKV gbà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ irinṣẹ́ tirẹ̀, MKVToolNix. Ìṣòro gidi ni pléètì DVD. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, pléètì ni àwọn onífídíò ń fún wa, wọ́n á fi báírò kọ orúkọ òde sí i lójú. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé orúkọ kan náà ni fáìlì inú gbogbo pléètì ń jẹ́. Fódà VIDEO_TS, fáìlì VTS_01_1.VOB, VTS_01_2.VOB, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju GB kan lọ. Òde ìgbéyàwó ni o, òde ìsìnkú ni o, orúkọ kan ni. Ọ̀kan nínú wa ń da pléètì kejì sínú fódà tó da ti àkọ́kọ́ sí, kọ̀ǹpútà bi í pé ṣé kí òun fi èyí rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà lórí ìjókòó lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ ni pé ìyàwó Alága kì í da nǹkan nù: pléètì náà ṣì wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, a sì tún un dà. Fáìlì VOB kò ní àyè tí a lè kọ orúkọ wa sí. HandBrake, tí a kò sanwó fún, ni a fi sọ wọ́n di MP4, a sì tọ́jú pléètì fúnra wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọjọ́ kan ṣòfò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ohun tí ẹ kọ wò. Irú kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé àlàyé tí ẹ kọ lé fáìlì lórí, ẹ̀yìn fáìlì ló wà, kò wọ inú. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní London bá wa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà yẹn, nígbà tí fáìlì dé ọ̀dọ̀ wa, òfìfo ni. Ẹ da fáìlì kan sórí flash, ẹ fi kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ṣí i. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìyẹn ni ti ẹ̀rọ. Ó gbà wá ní ìrọ̀lẹ́ méjì péré láti kọ́. Ohun tó gbà wá ní ọdún méjì ni pé, kí ni ká kọ?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn amójútó ibi ìkówèésí ti ronú lé irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1995 wọ́n péjọ ní ìlú Dublin, kì í ṣe ti Ireland, ti ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, láti jíròrò ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ nípa nǹkan tó bá wà lórí ẹ̀rọ. Ìlànà tó jáde láti ibẹ̀, Dublin Core, ní ohun 15. A gbìyànjú gbogbo 15 náà lórí fídíò mẹ́wàá, agara dá wa. Mẹ́fà ni a mú: kí ni ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo, ibo, àwọn wo ló wà níbẹ̀, ta ló yà á, àti ìṣẹ́jú wo ni ohun pàtàkì wà. Ti ìṣẹ́jú yìí, àwa fúnra wa la fi kún un. Ẹ mọ ìdí.

A rò pé ọjọ́ ni yóò rọrùn jù, nítorí kámẹ́rà máa ń kọ ọjọ́ sínú fáìlì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ló le jù. Bí bátìrì kékeré inú kámẹ́rà bá kú, aago rẹ̀ á padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan tí àwọn tó ṣe é yàn, òun ni yóò sì máa kọ. A rí fídíò kan tó ní ọdún 1904 ni wọ́n yà òun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1904 ni irú fáìlì yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò rẹ̀; bí ẹ̀rọ kò bá kọ nǹkan kan, òfo ni ó wà níbẹ̀, òfo sì túmọ̀ sí 1904. Ọ̀pọ̀ fóònù tún máa ń kọ aago àgbáyé, èyí tí tiwa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Nítorí náà, àìsùn ọdún tuntun tí a ya fídíò rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn aago méjìlá òru, inú ọdún tó kọjá ló wà nínú fáìlì.

Ṣùgbọ́n Ojúde Ọba ló fẹ́ yọ wá lójú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni à ń ṣe é, òṣùpá ni a sì fi ń ka Iléyá, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà. Ní 2015, 2016 àti 2017, oṣù kẹsàn-án ló bọ́ sí. Ní 2018 àti 2019, oṣù kẹjọ. Nígbà tó di 2023 àti 2024, ó ti dé oṣù kẹfà. Ẹni tó bá kàn kọ "Ojude Oba August" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Gbogbo ọdún ni ojúde Awùjalẹ̀ jọra nínú fídíò: eruku, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, ìbọn ń dún, agboòrùn.

Ẹ gbọ́ eléyìí. Fídíò kan wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ VID-20200802-WA0012. Àwa náà rèé nínú rẹ̀, à ń jó wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí WhatsApp ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ á kà á pé ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 2020. Ìṣirò náà sì bá Iléyá ọdún yẹn mu, torí ọjọ́ kẹta rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀kan nínú wa ti kọ 2020 síwájú Year, ó ti tẹ OK. Àfi ìgbà tí ẹnìkan bi wá pé: ṣé a ṣe Ojúde Ọba ní 2020? A kò ṣe é. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí a ṣe é ní 2020 àti 2021. Ọjọ́ tí fóònù gba fídíò ni WhatsApp kọ sí orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọjọ́ náà pé, oníkálùkù jókòó sílé, ojú ọ̀nà dá wáí, ẹnìkan sì fi fídíò àtijọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé ẹ wò ó bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa sunkún.

Báwo la ṣe wá mọ ọdún rẹ̀? Aṣọ ni. Ẹgbẹ́ wa kì í wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní Ojúde Ọba, ohun tí àwọn kan ń pè ní ìnákúnàá. A gbé fídíò náà lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó fi sọ pé 2018 ni. Ó sọ iye tí a ra òfì náà, ẹni tó bá wa hun ún, àti ẹni mẹ́ta tí kò tíì san gbèsè tiwọn títí di òní. Láti ọjọ́ náà ni a kì í ti í kọ ọdún Ojúde Ọba kankan láìfi han àwọn obìnrin ẹgbẹ́. A ní ìwé kékeré kan báyìí tó sọ àwọ̀ aṣọ, àwọ̀ gèlè àti irú fìlà ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí fídíò bá dé láìní ọjọ́, ìwé yẹn ni à ń ṣí. Aago inú kámẹ́rà kò ṣe é gbára lé tó o.

Ti orúkọ ni ó kàn, ó sì dá ìjà sílẹ̀. Nínú fídíò àkọ́kọ́ tí a kọ, a to àwọn ọkùnrin ní orúkọ àti orúkọ bàbá. Àwọn obìnrin, a kọ "ìyàwó Akọ̀wé", "màmá ìbejì", "ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ti Mushin". A fi hàn wọ́n nínú ìpàdé, à ń retí oríyìn. Obìnrin kan dìde, ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ọkọ wa, ṣé a kò ní orúkọ ni?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. A padà sídìí gbogbo rẹ̀, a ń lọ láti ilé dé ilé. Ojú tì wá nígbà tí a rí i pé àwọn kan wà tí a ti ń jẹ oúnjẹ wọn fún ọdún mẹ́jọ tí a kò mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Bákan náà ni onílù wa. Gbogbo ọdún ló ń kì wá ní ìran-ìran. A kò mọ̀ ju "Àyàn" lọ. Ó ti wà nínú fáìlì báyìí, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ agbo ilé rẹ̀. Onífídíò náà, a ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Òun ló yà á.

Àwọn kan ní kí a yọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni tó fi ìbínú kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 2019. A kọ̀. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jó, ó sì sanwó aṣọ tirẹ̀ pé. Ẹgbẹ́ lè yọ ènìyàn kúrò nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́. A kò lè sọ pé kò sí nínú fídíò tó ti wà níwájú gbogbo ayé. Àwọn mìíràn tún wá bá wa ní ìkọ̀kọ̀ pé kí a má kọ orúkọ àwọn sí ibi tí àwọn ti ń náwó fún olórin. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka nínáwó lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n tàbí owó ìtanràn, a sì ti rí i pé wọ́n ń mú ènìyàn lórí rẹ̀. Ìyẹn yé wa. "Àwọn ọ̀rẹ́ olórin" ni a kọ síbẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọdé náà, a kì í kọ ọ́ sínú fídíò tí a bá fẹ́ gbé síta, àfi bí òbí wọn bá gbà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wáyé. Olùkọ́ Yorùbá tó wà láàárín wa kò gbà kí a kọ "Ojude Oba" láìsí àmì, ó ní ilé-ìwé ni òun fi ayé òun ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ "Ojúde Ọba" dáadáa, tí ọmọ wa ní Amẹ́ríkà sì tẹ "ojude oba" láti wá a, kò rí i. Lójú ẹ̀rọ tó ń lò, lẹ́tà mìíràn pátápátá ni ọ tó ní àmì lábẹ́. Òmíràn tún wà: ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ ń gbà tọ́jú lẹ́tà bí ẹ́, bí ẹ tilẹ̀ wò ó tí ẹ kò rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ̀rọ lè sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A parí ìjà. Ní Title àti Comments, a ń kọ Yorùbá gidi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ní Tags, a ń tún un kọ láìsí àmì, bí àwọn ọmọ wa ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Orúkọ fáìlì ní ìta, kò sí àmì lára rẹ̀, ọdún ló sì ń ṣíwájú, oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn, báyìí: 2018-08-23 Ojude Oba. Bí ọdún bá ṣíwájú, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn fúnra rẹ̀.

Níbi tí ohun púpọ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, bí orúkọ onífídíò nínú ogún fáìlì òde kan, ọmọ ọ̀kan nínú wa fi ExifTool, tí Phil Harvey ṣe, kọ ọ́ sínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára púpọ̀, ó sì máa ń fi fáìlì àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú "_original" ní ìparí orúkọ rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣì í. MP4 àti MOV ló ń kọ sínú wọn. Kì í kọ sínú AVI tàbí MKV.

Ohun kan wà tí a fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Bí ẹ bá fi fídíò tí a ti kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́, ẹ̀rọ á fún un pọ̀ kó lè kéré, àkọlé inú á sì dànù. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé pé, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Nítorí irú èyí la ṣe ní ìwé àkójọ lọ́tọ̀, tí gbogbo ohun tí a kọ sínú fáìlì tún wà nínú rẹ̀. Hard disk mẹ́ta ni a sì ní báyìí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́, ìkẹta wà ní London. Akápò tuntun bínú sí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìṣirò náà sókè ní gbangba.

Ní oṣù tó kọjá, bàbá ọ̀kan nínú wa fi ayé sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣàdúrà fún wa nígbà ìpàdé ọdún 2016. Wọ́n pè wá láàárọ̀. A tẹ orúkọ bàbá náà, ó jáde, a rí ìṣẹ́jú tó wà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé ọwọ́ wọn.

Fídíò 41 ló kù tí a kò lè parí, nítorí àwọn tó wà nínú wọn kò yé wa. A ti gbé laptop sórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín omi, méjì nínú wa á sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n ní pàtàkì, ẹ lè mọ ẹni tí àwa kò mọ̀. Èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ rí jẹ́ ti Ojúde Ọba 2015. Ọkùnrin kan wọ fìlà abetí ajá, ó jókòó lórí ẹṣin funfun, ó ń kọjá lọ, ló bá bojú wẹ̀yìn tó pe orúkọ Alága wa lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Alága náà ti wò ó. Ó ní òun kò rántí rẹ̀.